Irin Inú Eérú Gbígbóná

Láòyè mẹkáníìkì kò ní sùúrù rárá. Ọ̀rọ̀ gbígbóná ẹnu rẹ̀ ló lé Mojíbádé, ọmọbìnrin rẹ̀, kúrò nílé lọ́jọ́ tó mú àfẹ́sọ́nà wá hàn án. Nígbà tí òun àti Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ pé Mojíbádé ti bímọ, Láòyè ní ọjọ́ náà gan-an làwọn máa débẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde nínú ògbólógbòó ọkọ̀ wọn ti sán, ọkọ̀ náà sì ń bú ramúramù. Láòyè tú irin náà, ó fi iná jó o pọ̀, ó sì da omi sí i kó lè tètè tutù. Kàà! Irin tún sán.

Àṣàkẹ́ rọra ní, "Bàbá Mojí, ta ní í da omi tútù sí ìṣaasùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Láòyè tún un jó. Àṣàkẹ́ wa eérú gbígbóná nínú ààrò, wọ́n sì bo irin náà mọ́lẹ̀ bí ẹni sun iṣu. Ibẹ̀ ló ti rọra tutù di ọjọ́ kejì.

"Kí ni kí n wí fún Mojí tá a bá débẹ̀?" Láòyè bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ má tíì wí nǹkan kan."

Ọkọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà Mojíbádé láìpariwo. Láòyè kàn tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mojíbádé wò ó títí, kó tó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ rọra o, Bàbá."

"Mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń rọra, ọmọ mi."