Bí Ìyá Elégbè Ṣe Wọlẹ̀ ní Àbàtà Òkè-Ìrì

Ó ti pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí Òkè-Ìrì tó ní ọba, kí ìrókò tó ṣíji bo ojúbọ yìí tó yọ ewé méjì, ni obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ojúọlápé. Òun náà ni Ìyá Elégbè tí a wá bọ lónìí, apeni-má-yàn-kan, ohùn tí í rìn nínú kùrukùru tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kọ, ìyá tó ka ọmọ rẹ̀ tí kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ènìyàn ni nígbà náà. Ó ń mọ ìkòkò, ó ń jẹun, ó sì ń bínú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Òun ló ń lé orin fún gbogbo obìnrin amọ̀kòkò ìlú, àwọn yòókù a sì máa gbè é. Ṣùgbọ́n ègbè tó máa ń fún wọn gùn bí ọ̀nà oko, ó ń lọ́ sókè, ó ń lọ́ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá tó á já bọ́ láàárín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ẹ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹnu ni orin wà fún.

Ìbíyẹmí ni ìyàwó kékeré nínú ilé ọkọ Ojúọlápé. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò ti ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ láti kékeré, ohùn rẹ̀ há bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àpáàdì lórí òkúta. Lọ́jọ́ ọdún kan, níbi tó ti ń gbe orin tayọ̀tayọ̀, Ojúọlápé fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìbíyẹmí, pa ẹnu rẹ dé. O ń ba orin mi jẹ́."

"Ẹ má bínú, Ìyáálé mi."

"Máa pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ kì í há."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́fà gbáko, Ìbíyẹmí kò la ẹnu kọrin mọ́, kódà kó máa dá nìkan fọ abọ́.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin mọ́kànlélógún bá Ojúọlápé lọ wa amọ̀ ní àbàtà. Ilẹ̀ tó le níbẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ. Ẹni tó bá yà kúrò lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ á gbé e mì. Kálukú ti túká lọ sídìí kòtò rẹ̀, Ojúọlápé nìkan ló wà lórí àpáta tó wà létí àbàtà, ni kùrukùru bá dé. Ó bo gbogbo ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Igbe sọ.

Ojúọlápé gbé orin sókè kí wọ́n lè máa tọ ohùn rẹ̀ bọ̀. Orin ńlá tí gbogbo wọn mọ̀ ló lé, àmọ́ ẹ̀rù ti gé wọn léèmí: ọ̀kan mú ìbẹ̀rẹ̀ ègbè, òmíràn já bọ́ láàárín, ohùn lọ́ mọ́ ohùn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ẹnìkejì wà mọ́.

Obìnrin kan pariwo láti inú kùrukùru: "Ìyá, ẹ gé e kúrú! À ń kú lọ, ẹ̀ ń dárà!"

Ojúọlápé pa orin ńlá náà tì. Lẹ́yìn náà, ó lé e pé, "Ta ló kù lẹ́yìn?" Ó sì fi ègbè rẹ̀ kọ́ wọn: "Èmi rèé o."

Ìyẹn kò nira fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sunkún gbè é, ẹni tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn gbè é. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ègbè níwájú, á tẹ̀ síbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí àpáta, Ojúọlápé ń fọwọ́ kan orí wọn, ó ń kà wọ́n. Ogún ni wọ́n pé.

Ìbíyẹmí wà nínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo. Ègbè yẹn dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ń rò ó pé bí ohùn òun bá ba orin náà jẹ́, àwọn tó ń tẹ̀ lé e á ṣìnà. Ó káwọ́ bo ẹnu.

Lórí àpáta, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ìbíyẹmí kò dáhùn, ó ti lọ nìyẹn."

"Báwo ni yóò ṣe dáhùn? Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ dúró síbí, ẹ máa gbè é, ẹ ò gbọdọ̀ sinmi."

Ó mú igi ìwalẹ̀ rẹ̀, ó wọnú kùrukùru padà.

Orúkọ ara rẹ̀ ni Ìbíyẹmí gbọ́ nínú orin: "Ìbíyẹmí, orin mi ò tíì pé." Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Omi lé róró lójú rẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn ọdún mẹ́fà bá jáde tòun ti híhá rẹ̀: "Èmi rèé o."

"Tún un gbè!"

"Ó ń há, Ìyáálé mi."

"Jẹ́ kó há! Nínú gbogbo ohùn tó wà nínú àbàtà yìí, òun nìkan ni mo lè dá mọ̀."

Ojúọlápé tọ ohùn náà débẹ̀, ó na igi sí i, ó fà á yọ, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà àpáta. "Máa lọ níwájú. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn." Ìbíyẹmí ń lọ, ìyáálé ń fi orin bi í láti ẹ̀yìn, ó ń dáhùn, títí àwọn obìnrin fi gbá a mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tí oòrùn là, kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Igi ìwalẹ̀ dúró gbọn-in nínú ẹrẹ̀, kò sí kòtò nídìí rẹ̀, kò sì sí ojú ẹsẹ̀. Ojúọlápé ti wọlẹ̀. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kò dákẹ́ títí oòrùn fi kàn tàrí.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíyẹmí se ẹ̀kọ gbígbóná, ó po oyin mọ́ ọn, ó gbé e lọ síbi àpáta. "Ìyáálé mi, ẹ fi tu ọ̀fun lára. Ẹ pè mí pẹ́. Mo dúpẹ́." Òun ni ìyálórìṣà àkọ́kọ́.

Ìdí nìyí tí a kì í fi ẹ̀jẹ̀ bọ Ìyá Elégbè, ẹ̀kọ àti oyin ló ń gbà. Ìdí nìyí tí èèwọ̀ fi jẹ́ láti pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ nínú ègbè, àti láti fún wa ní ègbè tó ju èémí kan lọ. Bí orin bá parí, a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lé e. Kálukú á yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, á bu ẹ̀kọ fún un, á sì wí fún un pé, "O ṣé tí o bá mi gbè é." Ó yá, ẹ yíjú síra yín, kí ẹ̀kọ má baà tutù.