Márùn-ún Kí Ni?

Bí alágídí bá ń kánjú ní Ìdí-Òro, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé: "Ó gbọ́ márùn-ún, kò gbọ́ márùn-ún kí ni." Kí wá ni márùn-ún ọ̀hún? Iṣu ni, àbí ìgbátí? Ẹ fetí sílẹ̀.

Adẹ́mu ni Ògúndẹ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ju akèrègbè rẹ̀ lọ. Ó lè fojú wo kẹ́ẹ̀gì kó sọ iye ìgò ẹmu tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí gìrì mú Àyọ̀ká ọmọ rẹ̀, ó gbé e sáré dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì dá gìrì dúró, ó sì fún un ní ìgò oògùn kékeré kan.

"Bàbá, mílílítà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú lítà kan, nítorí náà, ṣíbí tíì—"

"Èmi lo fẹ́ kọ́ ní ìwọ̀n nǹkan olómi? Èmi tí mò ń rọ ẹmu fún gbogbo ìlú! Márùn-ún, mo ti gbọ́."

Ó ti jáde.

Nílé, ṣíbí ìjẹun ló mú. Ó bu ọ̀kan, ó bu èkejì. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Àyọ̀ká, wọ́n ní márùn-ún kí ni?"

"Márùn-ún ni márùn-ún! Àbí ìwọ náà ti di nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ jẹ́ ká padà lọ béèrè."

"Kí wọ́n lè fi mí ṣẹ̀sín?"

Ó rọ ìkarùn-ún sí ọmọ lẹ́nu. Àyọ̀ká lá ètè, oògùn náà dùn. Kò pẹ́, ó sùn.

"O ò rí i? Gìrì ti sá." Ó rọra lé àwọn adìẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má baà jí i.

Omi tútù ò jí i. Igbe ìyá rẹ̀ ò jí i.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa aṣọ bo Àyọ̀ká lójú, ó sì bu omi ṣíbí tíì kan sínú ife. "Mílílítà márùn-ún nìyí." Ó bu ṣíbí ìjẹun márùn-ún sínú òmíràn. "Márùndínlọ́gọ́rin nìyí. Èyí lọmọ mu."

Ògúndẹ̀rọ̀ wo ife méjèèjì. "Ṣebí márùn-ún lo sọ."

Ìyàwó rẹ̀, tí kì í pè é ní "ìwọ" láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kọjú sí i. "O gbọ́ márùn-ún. O ò gbọ́ márùn-ún kí ni."

Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, tí o ti dìde kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, tí àgbà kan sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Ó gbọ́ márùn-ún, kò gbọ́ márùn-ún kí ni," padà jókòó.