Àga Tó Bá Gbogbo Ìlú Mu

Ọba Ìgbódù ní kí Láńlókun gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe àga gbọọrọ kan síta ọjà, èyí tí yóò bá òmìrán, aràrá, aboyún àti arọ mu. Bí ẹnì kan bá jókòó tó sì ráhùn, orí Láńlókun yóò lọ, bí orí gbẹ́nàgbẹ́nà méjì ti lọ ṣáájú. Láńlókun kàn án tán, ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ wá bá wa ṣí i." Ọba jókòó, ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó dìde. "Ó yá, kí ará ìlú wá jókòó." Láńlókun ní, "Kábíyèsí, ta ló tó jókòó lórí ohun tí ọba ti jókòó lé?" Àwọn ìjòyè mirí: èèwọ̀ ni lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó jókòó, kò sẹ́ni tó ráhùn. Àga náà ṣì wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Aboyún ń dúró tì í, arọ ń jókòó sílẹ̀, Láńlókun sì ń ta àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àtèyí tó ga àtèyí tó kúrú.