Ọgbà Àyọ̀ká àti Ojú Kan Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Ní ìlú Òkè-Ìlẹ̀kẹ̀, opó kan wà tí ń jẹ́ Àyọ̀ká. Bí ó bá ti pinnu nǹkan, ó ti pinnu rẹ̀ náà nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì fi ilé amọ̀ ńlá kan sílẹ̀ fún òun àti Ìbíyẹmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, àti Ògúngbadé, bàbá ọkọ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Ògúngbadé. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, irin gbígbóná ta sí i lójú ọ̀tún, ojú náà sì fọ́. Ẹyọ kan tó kù ló fi ń ṣiṣẹ́, òun ló sì fi ń rìn.

Ilé náà ti di ohun tí à ń wò yọ ṣùtì sí. Òjò ti jẹ ìdí ògiri títí òkúta ìpìlẹ̀ fi yọ síta, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì ti sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ di ibùsùn. Ní ọjọ́ kan, ìyá tó ń ṣe alárinà ìgbéyàwó Ìbíyẹmí wá, ó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ìyá Ìbíyẹmí, ẹ má bínú o. Àwọn ẹbí ọkọ gba iwájú ilé yín kọjá lánàá. Wọ́n bi mí bóyá èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú irú ilé yìí, ṣé yóò mọ ilé í tọ́jú?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àyọ̀ká wọ egungun. "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀?"

"Lẹ́yìn iṣu tuntun, bí wọ́n bá ṣì ń bọ̀."

"Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀. Ilé tí wọ́n rí lánàá kọ́ ni wọn óò bá."

Ó po amọ̀, ó tún ìdí ògiri rẹ́ yípo. Lẹ́yìn náà ló wá ń wá igi kúkúrú tí òun yóò gbìn sí ìdí ògiri níwájú ilé, kí òjò má baà máa ta ẹrẹ̀ sí i mọ́, kí ojú ilé sì fani mọ́ra. Ó ro làpálàpá wò. Ó tètè ń yè, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ a máa ba aṣọ jẹ́, aṣọ àlejò ló sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ro pèrègún wò. Ààlà oko ni wọ́n ń fi í pa, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iwájú ilé òun ni oko ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, ó mú àjẹ́kòbàlé, nítorí pé bí atẹ́gùn bá yí ewé rẹ̀ padà, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dán bí fàdákà.

Ó gbìn ín. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àyọ̀ká sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó tún òmíràn gbìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbẹ́ igi líle ṣóńṣó, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí àwọn irúgbìn náà ká, ó sì dorí wọn kọ ìta, kí ewúrẹ́ tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn lè mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn ni. Ọ̀kan gùn ju àwọn yòókù lọ. Etí ọ̀nà tó wọlé gan-an ló wà, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn àjẹ́kòbàlé náà yè, wọ́n gbòòrò. Inú Àyọ̀ká dùn, àfi ohun kan. Lójoojúmọ́ tí Ògúngbadé bá ń ti àgbẹ̀dẹ bọ̀, kò ní í wọlé tààrà. A dúró sórí òkúta tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, a tẹjú mọ́ ọgbà náà, a sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àyọ̀ká rò pé ó ń fi iṣẹ́ òun ṣẹ̀sín ni, ó sì ká a lára.

"Bàbá, kí ni ọgbà mi ṣe fún yín?"

"Ọgbà rẹ dára, ìyàwó mi. Igi gígùn yẹn ni. Ó ń wo ojú mi."

"Igi ò lójú, Bàbá."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èmi tí mo lójú fi ní láti máa wò ó. Fà á tu."

"Tí mo bá fà á tu, ibẹ̀ ni ewúrẹ́ yóò gbà wọlé. Ó ku ọjọ́ márùn-ún péré kí àwọn àna dé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Bàbá kò jà. Ó ń dúró sórí òkúta rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Àwọn àna dé ní òwúrọ̀, Bàbá Oyèkàn ló ṣáájú wọn. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ògiri tó ń dán àti àwọn ewé tó ń yí padà. Àyọ̀ká sáré jáde, ó kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń kí wọn, ó doríkodò. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Bí ó ti yíjú sí ilé láìtíì gbórí sókè, tó fẹ́ dìde láti mú wọn wọlé, ohùn kan dún láti òdìkejì ọ̀nà.

"Àyọ̀ká! Má gbórí sókè o!"

Ó dúró gbagidi. Ẹnu igi gígùn náà ti kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ń ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun tó gbẹ́ igi náà, tó rì í mọ́lẹ̀, kò rí i. Nítorí pé ẹnu igi náà dojú kọ ọ́ gan-an, kò yàtọ̀ sí èérún kan lásán lójú rẹ̀. Àwọn àna náà kò rí i, bẹ́ẹ̀ ojú méjì méjì ni gbogbo wọn ní.

Bàbá Oyèkàn yíjú sí arúgbó tó wà lórí òkúta. "Baba, báwo lẹ ṣe rí i láti ọ̀ọ́kán?"

"Ẹni tó ti pàdánù ọ̀kan ló mọ iye tí ìkejì tó. Bí mo bá ti sún mọ́ igi yẹn, ojú kan yìí kì í mọ ibi tó pin sí mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń dúró níbí lójoojúmọ́, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé, 'Igi ganganran, má gùn mí lójú.' "

Ẹkún gba ojú Àyọ̀ká. Wúyẹ́wúyẹ́ tó rò pé èébú ni, ẹ̀bẹ̀ ni. Níwájú gbogbo àlejò, ó di igi náà mú, ó fà á tu, ó sì sọ ọ́ nù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ewúrẹ́ kan ti gba àlàfo náà wọlé, ó jẹ àjẹ́kòbàlé kan mọ́ ìdí. Àyọ̀ká wò ó, kò lé e.

Bàbá Oyèkàn ní, "Ilé tí olójú kan ti ń ṣọ́ olójú méjì, a ti rí ibi tí a ó ti fẹ́ ìyàwó."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀bẹ̀ alágbẹ̀dẹ ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà, tí a fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dúró de ewu títí yóò fi dé iwájú òun, pé: Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.