Ìjàpá Kó Ilẹ̀kùn Ìlú Mẹ́tàlá Sílé

“Olówó orí mi, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.”

Ọ̀rọ̀ tí Yánníbo bá Ìjàpá ọkọ rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn nìyẹn.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ló ní ilẹ̀kùn mẹ́tàlá, tí àlejò kankan kò lè wọlé rẹ̀?

Ẹ má tíì dáhùn. Àlọ́ mi rá pálá, ó la ìlú mẹ́tàlá já, ẹ̀yìn Ìjàpá ló lọ jókòó sí.

Ní ayé ìgbà náà, Ẹkùn àti Ìkookò ni alágbára. Ìlú kéékèèké mẹ́tàlá ló ń sìn wọ́n. Kò sẹ́ni tó ka Ìjàpá, tó ń gbé ní òdìkejì odò, sí. Nígbà tí àwọn alágbára méjèèjì dojú ìjà kọ ara wọn, Ìjàpá ń pọ́n idà Ẹkùn láàárọ̀, ó ń pọ́n ti Ìkookò nírọ̀lẹ́. Ọdún méje ni wọ́n fi jà. Nígbà tí àwọn méjèèjì ń tiro, Ìjàpá nìkan ló sanra.

Ó bá pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin ará, mo sunkún yín títí. Kí ló ń fa ìjà? Ilẹ̀kùn ni! Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́, kí ló ń fi ilẹ̀kùn ṣe? Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yọ ilẹ̀kùn ibodè rẹ̀ wá. Èmi tí n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni ni n óo bá yín tọ́jú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn yín, ẹ ké sí mi.”

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, tó mọ ewé ju gbogbo wọn lọ, rẹ́rìn-ín. “Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo! Ilẹ̀kùn tìrẹ ńkọ́?”

“Ìyá, ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ìlú, ṣé gbangba ni yóò kó o sí?”

“Ẹnu rẹ dùn. Adùn náà ló ń bà mí lẹ́rù.”

Wọ́n ṣáà kó wọn wá. Ogun ti sú wọn.

Ìjàpá kan mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì fi igi dábùú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà, ìlú tó bá fẹ́ bá ìlú mìíràn ṣọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í. Àwọn Ehoro, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tàlá náà, ní àwọn fẹ́ gba ilẹ̀kùn àwọn padà.

“Kò burú,” ni Ìjàpá wí. “Ẹ padà wá lọ́la.”

Ó bá ránṣẹ́ sí Ẹkùn pé ibodè Ehoro ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, etí kan ṣoṣo ló kù ní ìlú náà. Ìjàpá lọ kí i kú àjálù.

“Ẹ ò sì ké sí mi,” ó sọ fún etí náà.

Kò sẹ́ni tó tún béèrè ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n oorun kúrò lójú Ìjàpá. Bí ewé bá já, a ní wọ́n ti dé.

Ní ọdún kẹta, ibà dá Yánníbo wó. Ìjàpá ránṣẹ́ pe Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀sán gangan ni ìyá náà dé, àgbo gbígbóná lórí rẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni. Ṣe kíá, àgbo ń tutù.”

“Ẹ̀yin àti ta ni?”

“Èmi àti ẹsẹ̀ mi.”

“Ó jọ pé mímí ẹni púpọ̀ ni mò ń gbọ́.”

“Ìjàpá, arúgbó ló sáré!”

Ìjàpá gbé ọwọ́ lé igi ìdábùú. Ó rántí etí Ehoro. Ó ní bí ó bá ṣe òun ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, òun kò ní gbé àgbo wá, idà ni òun yóò gbé wá. Ó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó padà lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà ń kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni Yánníbo sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín.

“Afẹ́fẹ́ ni,” Ìjàpá dá a lóhùn.

Nígbà tí Ìjàpá wo Yánníbo, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan mọ́.

Ìjàpá wá ń ṣílẹ̀kùn. Ó ṣí mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Ìkòkò àgbo wà nílẹ̀ níta, ó ti tutù. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí iyẹ̀pẹ̀, ó wá, ó sì padà.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, tí Ìjàpá fi ń gbé ilé náà kiri, tí ojú ilẹ̀kùn mẹ́tàlá fi wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dòní, tí ó sì ń fa orí wọlé bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ní mo purọ́, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ dé, ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Kò tíì dá ilẹ̀kùn kankan padà. Kò tíì dé ìlú Ehoro. Kò tíì ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀. Kò tíì gbé ìkòkò Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ fún un. Àgbo ṣì wà nínú rẹ̀.