Ìdí Tí Ẹnu Ìkòkò Tíì Fi Là Sílẹ̀

Nígbà láéláé, tí ohun èlò inú ilé ṣì ń fọhùn, ìkòkò tíì máa ń pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí ó bá wù ú, á là á. Bí kò bá wù ú, á pa á dé pinpin. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀kan wà tí wọ́n fi amọ̀ funfun mọ nílùú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ya òdòdó sí i lára, wọ́n fi omi wúrà kùn ún létí. Ọkọ̀ òkun gbé e wá, oníṣòwò kan sì fi ta Baba Búsàrí ti Ẹ̀pẹ́ lọ́rẹ.

Baba kò mu tíì rí. Ó wo ohun náà: ó ní ọwọ́, ó ní ìdérí, ó ní ẹnu ṣóńṣó tí omi ń gbà jáde. Kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe bùtà? Bẹ́ẹ̀, bùtà tí Baba fi ń ṣe àlùwàlá ti lu nídìí. Baba dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó bu omi tútù sínú ìkòkò tíì, ó lóṣòó, ó sì fi í fọ ẹsẹ̀.

Jìnnìjìnnì bo ìkòkò tíì. Omi gbígbóná àti ṣúgà ni wọ́n sọ fún un nílé; ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ẹsẹ̀.

Ògbólógbòó bùtà tù ú nínú. Ó ní iṣẹ́ ńlá ni, pé omi àwọn ni Baba fi ń múra kó tó dúró níwájú Ọlọ́run.

“Má fi mí wé ara rẹ,” ni ìkòkò tíì wí. “Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn mí mọ́ láyé.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ládàánì pe ìrun màǹgàrí. Baba bu omi sínú ìkòkò tíì, ó dà á, kò sí ẹ̀kán kan. Ó mì ín, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, pàbó ló já sí. Ìkòkò tíì ti pa ẹnu dé, ó di ìdérí mú pẹ̀lú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ìrun fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ẹ gbé èmi, Baba,” ni bùtà wí. “Ẹ fi ìka dí mi nídìí.”

Bí Baba ṣe bá ìrun náà nìyẹn. Nígbà tó dé, ó wo ìkòkò tíì títí. Ó ní, “Ohun tí kò fẹ́ ká lo òun, a kì í fi ipá lò ó.” Ó gbé e sórí pẹpẹ, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi di ohun àtijọ́.

Àwọn ọmọ ọmọ Baba ló fà á fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tó wá gbé e wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kí ọwọ́ wọn má baà kàn án. Inú ìkòkò tíì dùn. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ dún ló tó yé e. Wọn kò ní da omi gbígbóná sínú rẹ̀ mọ́, wọn kò sì ní da tútù. Ó la ẹnu kó ké pé kí wọ́n fi òun fọ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n gíláàsì kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu gbogbo ìkòkò tíì ti là sílẹ̀, tí kò ṣeé pa dé mọ́. Èyí tó wà nínú gíláàsì ṣì ń bẹ níbẹ̀, inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi tọrọ rẹ̀.