Akínrìnlọ àti Ẹran Omi Tí Ìkarahun Rẹ̀ Ń Ṣíwájú

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tí ó ń tòògbé lọ bọ́jú, nítorí ohun àrà ni mo gbé dání lónìí, bí ẹ bá sì gbọ́ ọ tán tí ẹnu kò yà yín, kí ẹ má kí mi mọ́. Akínrìnlọ ni ọkùnrin náà ń jẹ́, akọni apẹja etí òkun, a-wa-ọkọ̀-lójú-ìjì, ẹni tí kì í sá fún ohunkóhun àfi ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ìgbì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó sì gbé Àrìnpé, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tí ó ní, lọ sọ́dọ̀ Olú-Ọ̀gbun, iwin tí ó jọba nísàlẹ̀ òkun. Ìbànújẹ́ gba ọkàn Akínrìnlọ. Ó ju ewé kan sẹ́nu, ewé tí kì í jẹ́ kí omi pa ènìyàn títí adùn rẹ̀ yóò fi tán, ó sì bẹ́ sómi.

Ó la ìlú àwọn ẹja olójú iná kọjá, ó bá àwọn iwin onírun koríko jà, ó dá wọn. Nígbà tí ó dé iwájú Olú-Ọ̀gbun, iwin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó máa mú àbúrò rẹ̀ lọ bí ó bá mọ ọ̀nà òkè. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ibẹ̀ pọ̀ débi pé òkè kò yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, ewé tí ó sì bù fún Àrìnpé ti ń tẹ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹran omi kan tí ara rẹ̀ ń tàn. Ìkarahun rẹ̀ ká bí òṣùká, ó tóbi ju ilé lọ; ojú ńlá méjì àti ọ̀pọ̀ ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ lẹ́nu ìkarahun náà, ẹnu ẹran náà sì le bíi ti odídẹrẹ́. Akínrìnlọ kí i ní Bàbá Ìgbín, ó rọ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú, nítorí ta ni kò mọ̀ pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e? Òwe dára, ṣùgbọ́n ẹ wo àgbàlagbà tí ó ń fi òwe ìgbín gun ẹran òkun! Ẹran náà tu omi, omi gbá akọni wa dànù, ẹran sì fi ẹ̀yìn sún lọ.

“Ọmọ ènìyàn, n kì í ṣe ìgbín,” ni ó wí. “Iwájú ni mo ń tu omi sí, ẹ̀yìn ni mo ń gbà lọ. Ìkarahun mi ló ń ṣíwájú, èmi ni mò ń tẹ̀lé e. Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi.”

Bí wọ́n ti gùn ún, ó ṣàlàyé pé yàrá púpọ̀ ni ó wà nínú ìkarahun òun. Bí òun bá ti ń dàgbà, òun a mọ yàrá tuntun síwájú, òun a sì fi ògiri dí ti àtijọ́. Síbẹ̀ okùn ẹran-ara kan la gbogbo wọn kọjá, okùn náà ni òun fi ń fa omi inú wọn jáde, tí afẹ́fẹ́ fi ń kún ibẹ̀. “Yàrá tí mo ti kúrò ni ó ń mú mi léfòó,” ni ó wí. Ó ní ìran òun ti kún inú òkun rí, àwọn kan tóbi, àwọn kan kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti kú, ìkarahun wọn ti di òkúta, òun nìkan ni ó kù.

Ó fa omi jáde, wọ́n sì ń gòkè títí oòrùn fi tàn sí wọn lójú, bí adùn ewé ti tán gẹ́lẹ́. Àrìnpé bèèrè orúkọ tí àwọn yóò máa pè é. Ó dáhùn pé ènìyàn kò tíì sí láyé nígbà tí àwọn ará òun wà, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ wọ́n lórúkọ. Omijé bọ́ lójú Àrìnpé. Ó ní omi nìyí, iyọ̀ sì ti wà nínú rẹ̀, kí ló tún kù tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ? Ó bu omi òkun sí i lórí, ó pè é ní Afẹ̀yìnṣíwájú.

“Mo rò pé ìran wa ti parun,” ni ẹran náà wí. “Àṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ wá lórúkọ ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má gbé inú yàrá àná, ṣùgbọ́n ẹ má gé okùn tí ó so yín mọ́ ọn, nítorí òun ni yóò gbé yín lọ́jọ́ tí omi bá mù yín. Bí ẹ bá sì pàdé ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ má fi òwe ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ fún un ní ọ̀kan.